Ìgbéra àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfò nínú eré fífò gígùn

Ìgbéra nínú eré fífò gígùn ni àkókò kúkúrú tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ olùfò kan pákó ìgbéra, tí ó sì parí nígbà tí ẹsẹ̀ náà kúrò lórí pákó tí gbogbo ara bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Láàárín àwọn olùfò tó dáńgájíá, gbogbo rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 0.12 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ojú lásán kò lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán tí ń ya ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn onímọ̀ fi ń wò ó. Síbẹ̀, àkókò bíńtín yìí ló ń pinnu ibi tí olùfò yóò balẹ̀ sí, nítorí pé bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò lórí pákó, kò sí ohun tí olùfò lè ṣe mọ́ tí yóò yí ọ̀nà tí àárín ìwúwo ara rẹ̀ ń gbà nínú afẹ́fẹ́ padà.

Ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń ṣàyẹ̀wò irú ọ̀rọ̀ báyìí ni báyómẹ̀káníìsì, ìyẹn ìmọ̀ nípa bí ipá ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ohun ẹlẹ́mìí àti bí ara fúnra rẹ̀ ṣe ń dá ipá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéra kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àmì-ẹ̀yẹ wúrà àkọ́kọ́ tí ọmọ orílẹ̀-èdè náà dá nìkan gbà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, inú kòtò iyanrìn fífò gígùn ni ó ti wá, ní Atlanta ní 1996.

Ohun tí ìgbéra jẹ́

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba Kétu, Ìkòsì tàbí Máìlì 12 kọjá lẹ́yìn òjò ńlá ti ṣe ìgbéra rí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Bí gọ́tà kan bá kún, tí kò sì sí pákó láti gbà kọjá, kò sí ẹni tí yóò dúró gbagidi sí etí rẹ̀ kí ó tó fò. Olúwarẹ̀ yóò fà sẹ́yìn díẹ̀, yóò sáré wá, yóò rẹ ìbàdí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ní ìṣísẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, yóò fi ẹsẹ̀ kan gún etí gọ́tà, yóò sì ju apá àti orúnkún kejì sókè. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ara ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ru ẹrù sórí kò sì ní dán an wò rárá, kì í ṣe nítorí ìwúwo ẹrù nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé apá rẹ̀ tó di ẹrù mú kò ráyè ṣiṣẹ́.

Ohun kan náà ni olùfò ń ṣe ní pápá, àyàfi pé òfin ti fi ààlà sí i. Pákó ìgbéra fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ó sì gùn tó mítà 1.22. Ọ̀nà ìsáré gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 40, ó kéré tán, kòtò iyanrìn kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ kéré sí mítà 2.75. Bí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn olùfò bá ju mítà 2.0 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a ó ka ìfò náà nínú ìdíje, ṣùgbọ́n a kò ní kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tó ga jù lọ. Láti etí pákó tó kọjú sí iyanrìn ni a ti ń wọn ìfò, kì í ṣe láti ibi tí ẹsẹ̀ olùfò wà gan-an. Nítorí náà, ẹni tí ó gbéra ní sẹ̀ǹtímítà 15 ṣáájú etí náà ti fi sẹ̀ǹtímítà 15 ta ọrẹ. Ẹni tí ó sì tẹ̀ ẹ́ kọjá, ìfò rẹ̀ di òfo.

Eré sísá ṣáájú ìgbéra

Eré ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Àwọn ọkùnrin tó wà ní ipò iwájú lágbàáyé ń sá tó mítà 10 sí 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bí wọ́n ti ń súnmọ́ pákó; àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ń kọjá mítà 9. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn asáré ni fífò gígùn sábà máa ń yàn láàyò. Jesse Owens ní 1936 àti Carl Lewis ní 1984 gba wúrà nínú eré mítà 100 àti nínú fífò gígùn ní Òlíḿpíìkì kan náà.

Ṣùgbọ́n eré àsápajúdé kọ́ ni. Olùfò gbọ́dọ̀ dé orí pákó oní-sẹ̀ǹtímítà 20 lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó yàn, láì wo ilẹ̀, láì dín eré kù. Àwọn tó ti ṣàyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí rí i pé olùfò tó mọṣẹ́ kì í kàn tún àwọn ìṣísẹ̀ kan náà sá bí ẹ̀rọ; ní àwọn ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan tó kẹ́yìn, ojú rẹ̀ ń wọn àlàfo tó kù, ó sì ń fi díẹ̀díẹ̀ tún ìṣísẹ̀ rẹ̀ ṣe kí ó lè bá pákó pàdé.

Ìṣísẹ̀ méjì tó kẹ́yìn

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣísẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn máa ń gùn ju àwọn yòókù lọ, orúnkún sì máa ń tẹ̀ nínú rẹ̀ débi pé àárín ìwúwo ara rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Ìṣísẹ̀ tó kẹ́yìn máa ń kúrú, ó sì máa ń yá. Èrè rẹ̀ ni pé nígbà tí ẹsẹ̀ bá kan pákó, ara ti wà nílẹ̀ díẹ̀, àyè sì wà fún un láti gòkè. Ẹni tí ó dé orí pákó pẹ̀lú ìdúró gíga kò ní ibi tí yóò gbà gòkè mọ́. Yóò kàn sáré gba orí pákó kọjá ni.

Ó yẹ kí a sọ pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà. Bí olùkọ́ni bá sọ fún wọn pé kí wọ́n rẹ ara sílẹ̀, wọ́n á lóṣòó, eré á sì tán lára wọn. Rírẹ̀ sílẹ̀ tí à ń wí kò tó ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá máa fi ojú rí.

Lórí pákó

Olùfò máa ń gbé ẹsẹ̀ ìgbéra síwájú ara rẹ̀, kì í ṣe sábẹ́ ara, orúnkún rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán. Ara tó ń bọ̀ pẹ̀lú eré yóò gba orí ẹsẹ̀ yìí kọjá bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀pá gún ilẹ̀ tó sì gun orí rẹ̀ kọjá: bí ó ti ń lọ síwájú, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gòkè. Lọ́nà yìí, apá kan nínú eré tó ń lọ síwájú di eré tó ń lọ sókè. A kì í rí èyí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Olùfò tó dé pẹ̀lú mítà 9.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè kúrò lórí pákó pẹ̀lú nǹkan bí 8.4, kí ó sì ti ra nǹkan bí mítà 3.1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ sókè.

Orúnkún kì í dúró gan-an. Ó máa ń tẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹrù náà, lẹ́yìn náà ni ó tún nà. Nígbà tí ó ń tẹ̀, iṣan itan àti okùn iṣan tó wà lókè gìgísẹ̀ ń fà bí rọ́bà, wọ́n sì ń dá lára agbára náà padà nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń nà. Iṣan tí a kọ́kọ́ fà kí ó tó sún kì máa ń lágbára ju èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsinmi lọ. Ṣùgbọ́n bí iṣan itan kò bá lágbára tó, orúnkún yóò tẹ̀ jù, ara yóò rì, agbára náà yóò sì ṣòfò.

Báwo ni ẹrù náà ṣe pọ̀ tó? A lè ṣírò rẹ̀. Kí a tó lè fún ara ní eré mítà 3.1 lọ sókè láàárín 0.12 ìṣẹ́jú àáyá, tí a sì tún ń gbé ìwúwo ara náà dání, ipá tí ẹsẹ̀ fi ń ti ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ìwúwo ara ní ìpíndọ́gba. Fún obìnrin tó wọn kílò 60, èyí ju àpò ìrẹsì oníkílò 50 mẹ́rin lọ. Alábàárù tó lágbára jù ní ọjà Máìlì 12 kò ní gbà láti gbé ìyẹn dúró lórí ẹsẹ̀ méjì. Olùfò ń gbé e lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ gan-an, nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá pákó, ipá náà máa ń ga ju ìpíndọ́gba yìí lọ gidigidi fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún àti ẹ̀yìn olùfò fi máa ń fara pa.

Apá méjèèjì àti orúnkún ẹsẹ̀ kejì náà kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Bí a ti ń jù wọ́n sókè kíákíá, wọ́n ń mú kí ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀ ti pákó le sí i, bí wọ́n bá sì dúró lójijì ní òkè, ìyókù ara yóò bá wọn lọ. Wọ́n tún ń gbé àárín ìwúwo ara ga kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

Ìdí tí igun ìgbéra fi kéré

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ka ìwé físíìsì nílé ẹ̀kọ́ gíríámà mọ̀ pé ohun tí a bá jù ní igun dígírì 45 ni ó ń lọ jìnnà jù, bí ibi tí a ti jù ú àti ibi tó balẹ̀ sí bá dọ́gba. Nígbà náà, kí ló dé tí àwọn olùfò tó dára jù lágbàáyé fi ń gbéra ní nǹkan bí dígírì 18 sí 22? Ṣé wọn kò mọ̀ ni?

Òfin ìwé físíìsì gbà pé eré ohun tí a jù kò yí padà bí igun bá tilẹ̀ yí padà. Òkúta tí a fi ọwọ́ jù lè sún mọ́ èyí. Ara ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Kí olùfò tó lọ síwájú pẹ̀lú mítà 8.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó lè gbéra ní dígírì 45, ó gbọ́dọ̀ lọ sókè pẹ̀lú mítà 8.4 bákan náà. Irú eré bẹ́ẹ̀ yóò gbé àárín ìwúwo ara rẹ̀ sókè tó mítà 3.6, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pá tí ọkùnrin tó ga jù lọ nínú fífò sókè kọjá láyé kò ju mítà 2.45 lọ. Kò sí ẹsẹ̀ tó lè ṣe é. Bí olùfò bá sì fi tipátipá wá igun ńlá, eré síwájú ni yóò fi san án, èrè rẹ̀ kò sì ní tó ohun tó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ìfò kan láti rí i kedere. Àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe ìwọ̀n tí a mú lára ẹnì kan pàtó. Kí a gbà pé olùfò kúrò lórí pákó pẹ̀lú mítà 8.4 síwájú àti mítà 3.1 sókè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Igun rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí dígírì 20. Kí a tún gbà pé àárín ìwúwo ara rẹ̀ ga ní ìgbà ìgbéra ju ìgbà tó kan iyanrìn lọ ní mítà 0.5. Pẹ̀lú òòfà ilẹ̀, yóò wà nínú afẹ́fẹ́ fún nǹkan bí 0.77 ìṣẹ́jú àáyá, yóò sì rìn tó mítà 6.4. Fi nǹkan bí mítà 0.3 kún un, nítorí pé àárín ìwúwo ara ti ṣíwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ nígbà ìgbéra, àti nǹkan bí mítà 0.4 tí ẹsẹ̀ fi ń ṣíwájú rẹ̀ nígbà ìbalẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò jẹ́ mítà 7.1. Nínú àpẹẹrẹ yìí, bí eré síwájú bá fi mítà 0.1 péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan pọ̀ sí i, ìfò yóò gùn sí i ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìfò nínú afẹ́fẹ́

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá dúró lórí pákó, tí orí àti àyà sì ń bá eré lọ, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ jọ ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ òkúta: ara ń fẹ́ yí síwájú, kí orí dojú kọ ilẹ̀. Olùfò ń gbé ìyípo yìí wọ inú afẹ́fẹ́, kò sì lè jù ú nù níbẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tó lè tì. Bí kò bá ṣe nǹkan kan sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sẹ́yìn sábẹ́ ara, yóò sì balẹ̀ ṣáájú ibi tó yẹ.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù láti kojú rẹ̀. Èkínní ni kí olùfò na ara rẹ̀ gbọọrọ, apá lókè, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó so rọ̀. Ara tó nà máa ń yí lọ́ra ju ara tó ká jọ lọ. Èkejì ni kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, kí apá sì máa yí bákan náà. Apá àti ẹsẹ̀ tó ń yí wọ̀nyí ló gba ìyípo náà mọ́ra, kí àyà lè dúró ṣánṣán. Ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà gbọ́ pé rírìn yìí ń ti olùfò síwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kì í ṣe ilẹ̀; ohun tí rírìn náà ń ṣe ni pé ó ń fi ẹsẹ̀ sí ipò tó dára fún ìbalẹ̀.

Àwọn olùfò Nàìjíríà

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1996, Chioma Ajunwa, ọlọ́pàá àti ọmọ Ìpínlẹ̀ Imo, fò mítà 7.12 ní Atlanta. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó fò nínú ìparí ìdíje náà ni. Ajunwa ti wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà tó lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní China ní 1991, ó sì tún jẹ́ asáré. Ní 1992 ni wọ́n fòfin dè é fún ọdún mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ oògùn, ó sì ń sọ pé òun kò jẹ̀bi. Kò pẹ́ tí ìfòfindè náà parí tí ó fi dé Atlanta. Fiona May ti Ítálì fò mítà 7.02, Jackie Joyner-Kersee ti Amẹ́ríkà sì fò 7.00. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ló wà láàárín wúrà àti fàdákà, ìyẹn ìdajì fífẹ̀ pákó ìgbéra. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tó gba wúrà Òlíḿpíìkì nínú eré orí pápá tí kì í ṣe eré sísá.

Ìwọ̀n 7.12 náà dúró gẹ́gẹ́ bí èyí tó ga jù ní Áfíríkà fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́rìnlélógún, títí Ese Brume fi fò mítà 7.17 ní Chula Vista ní California, ní oṣù karùn-ún ọdún 2021. Ní Tokyo ní ọdún yẹn kan náà, Brume àti Brittney Reese ti Amẹ́ríkà fò 6.97 bákan náà. Ìfò kejì tó dára jù ni wọ́n fi yà wọ́n, fàdákà sì bọ́ sọ́wọ́ Reese, bàbà sọ́wọ́ Brume. Ní 2022, Brume gba wúrà ní Birmingham nínú Eré Ìdárayá Kọmọńwẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú mítà 7.00.

Ní ti àwọn ọkùnrin, Èkó ni Yusuf Alli ti fò mítà 8.27 ní 1989, nígbà ìdíje eré ìdárayá ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tí kò bá lè fojú inú wò ó, kí ó ro ọkọ̀ dáńfó méjì tí a gbé síbùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó wá mú àlàfo tó gba ènìyàn mélòó kan kún un láàárín wọn, kí ó sì tún ku àyè.

Ìfiwéra pẹ̀lú fífò orí yìnyín

Nínú eré fífò pẹ̀lú sìkíì, tí wọ́n ń ṣe ní àwọn orílẹ̀-èdè olótùútù, ìgbéra wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdìkejì ti fífò gígùn. Olùfò kò sáré. Òkè ló ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ ní ìlóṣòó títí eré rẹ̀ fi tó nǹkan bí kìlómítà 90 ní wákàtí kan. Ojú ibi tí ó ti ń gbéra kò dagun sókè, ìsàlẹ̀ ni ó dà sí ní nǹkan bí dígírì 10 sí 11. Ó ní nǹkan bí 0.3 ìṣẹ́jú àáyá láti na orúnkún àti ìbàdí, lórí ohun tó ń yọ̀, láìsí ìju-apá-sókè. Bí ó bá tètè nà tàbí ó pẹ́ kí ó tó nà, ìfò náà ti bàjẹ́.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù wà nínú afẹ́fẹ́. Fún olùfò orí iyanrìn, afẹ́fẹ́ kò ní iṣẹ́ púpọ̀. Fún ti orí yìnyín, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e. Ìyípo síwájú tí olùfò gígùn ń sá fún ni oní-sìkíì ń wá: ó gbọ́dọ̀ fara síwájú kíákíá lẹ́yìn ìgbéra, ṣùgbọ́n kí ó má pọ̀ jù, nítorí pé atẹ́gùn tó ń gbá sìkíì nísàlẹ̀ ń fẹ́ dá a sẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Ní òpin àwọn ọdún 1980, Jan Boklöv ọmọ Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í ya orí sìkíì rẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ bí lẹ́tà V dípò kí ó tò wọ́n pọ̀. Àwọn adájọ́ ń yọ máàkì rẹ̀ nítorí pé kò dùn-ún wò lójú wọn, síbẹ̀ ó gba Ife Àgbáyé ti 1988 sí 1989. Lónìí, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà náà ti dé ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Ní PyeongChang ní 2018, Simidele Adeagbo, tó ti jẹ́ olùfò-ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ́lẹ̀, díje nínú eré fífi orí ṣíwájú yọ̀ lórí yìnyín, Seun Adigun tó ti sáré fo àgbékọjá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012 sì wà nínú ẹgbẹ́ tó ti ọkọ̀ orí yìnyín. Ìbẹ̀rẹ̀ eré méjèèjì ni pé kí ènìyàn ti ohun tó wúwo pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó le, láàárín ìṣísẹ̀ díẹ̀, kí ó tó bẹ́ lé e. Iṣẹ́ iṣan itan àti gìgísẹ̀ kan náà ni.

Ní pápá ilé-ẹ̀kọ́

Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń múra sílẹ̀ fún eré ìdárayá ọdọọdún kò nílò ẹ̀rọ ayàwòrán olówó ńlá. Fóònù tó lè ya fídíò lọ́ra tó fún olùkọ́ni láti rí ibi tí ẹsẹ̀ gún àti bí orúnkún ṣe tẹ̀. Kí ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ má sá ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá lọ. Eré tí kò tíì lè darí kò ní ṣe é láǹfààní lórí pákó. Láti mọ ibi tí yóò ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ó dúró lórí pákó, kí ó kọ ẹ̀yìn sí iyanrìn, kí ó sá ìṣísẹ̀ wọ̀nyẹn padà lọ, kí ẹlòmíràn sì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ ìgbéra rẹ̀ kàn.

Iyanrìn ni kí a kọ́kọ́ wò ṣáájú ohun gbogbo. Iyanrìn tí òjò ti rọ̀ sí tí oòrùn sì ti gan máa ń le bí ilẹ̀ títì, òun ló sì sábà máa ń ṣe ọmọdé léṣe. Kí a fi ṣọ́bìrì tú u dé ìsàlẹ̀, kí a ṣa òkúta àti ìgò fífọ́ kúrò, kí a sì fi réèkì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan. Láti ojú àpá tó sún mọ́ pákó jù ni a ó ti wọn ìfò náà, ì báà jẹ́ àpá ẹsẹ̀, ti ìdí tàbí ti ọwọ́ tí ọmọ náà fi tilẹ̀ sẹ́yìn.